Ẹgbẹ́ Oníṣòwò Ìlú Kékeré àti Àlejò Arìnrìn-àjò Afẹ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìwọ̀nyí ni ìbéèrè tí àwọn ọlọ́ṣọ́ọ̀bù, oníṣẹ́ ọwọ́, onílé ìtura àti awakọ̀ máa ń béèrè kí wọ́n tó wọ ẹgbẹ́, pẹ̀lú èyí tí àwọn tó ti wà nínú rẹ̀ máa ń béèrè nígbà tí iṣẹ́ bá ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ẹ ka èyí tó bá kàn yín.

Kí ni ẹgbẹ́ lè ṣe fún mi tí èmi fúnra mi kò lè ṣe?

Ẹ lè dá ṣọ́ọ̀bù yín tún ṣe, ẹ lè dá kùn ún lọ́dà, ẹ sì lè dá polówó ọjà yín. Ṣùgbọ́n pátákó ìtọ́ka ní oríta, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún àlejò, òpópónà tó mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìwọ̀nyí kọjá agbára ẹnì kan. Ohun tó tún wà níbẹ̀ ni pé àlejò kì í fi ojú ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan wo ìlú. Bó bá bá ilẹ̀kùn mẹ́ta ní títì léra wọn, kò ní rìn dé ẹ̀kẹrin, bó ti wù kí ọjà inú rẹ̀ dára tó. Ohun méjì péré ni ẹgbẹ́ wà fún: kí àlejò pẹ́ sí i nínú ìlú, kí owó tó mú wá sì kan ọ̀pọ̀ ọwọ́. Ètò tí kò bá ran ọ̀kankan nínú méjèèjì lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kó dúró ná.

Ta ló lè wọ ẹgbẹ́?

Ẹnikẹ́ni tó ń ṣòwò láàárín ìlú: ọlọ́ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ń pàtẹ, alásè, onílé ìtura, awakọ̀, afinimọ̀nà, oníṣẹ́ ọwọ́. Ẹ má gbàgbé àwọn tó ni ilé tí ṣọ́ọ̀bù wà. Bí ilé kan bá ti wà ní òfìfo fún ọdún méjì lójú pópó, onílé ló lè wá nǹkan ṣe sí i, kì í ṣe ẹni tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Èló ni kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa dá?

Ẹ má fojú dá a. Ẹ kọ gbogbo iṣẹ́ ọdún náà sílẹ̀ pẹ̀lú iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ná yín, kí ẹ wá fi ìdámẹ́rin àpapọ̀ rẹ̀ lé e, nítorí ó ṣọ̀wọ́n kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ san owó lásìkò. Lẹ́yìn náà, ẹ pín in ní ìpín, ẹ má pín in ní orí. Ká sọ pé ọmọ ẹgbẹ́ jẹ́ 40. Ìsọ̀ kékeré 24 ń san ìpín 1, ṣọ́ọ̀bù tó tóbi díẹ̀ 12 ń san ìpín 2, ilé ìtura àti ilé-iṣẹ́ 4 ń san ìpín 4. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìpín 64. Ẹ pín owó ọdún sọ́nà 64, iye ìpín kan nìyẹn.

Ìbò kò bá ìpín lọ o. Ẹni tó san ìpín 4 àti ẹni tó san ẹyọ kan, ìbò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní. Níbi tí a bá ti fi owó ra ìbò, àwọn ìsọ̀ kékeré á kọ́kọ́ dákẹ́ nípàdé, lẹ́yìn náà wọn ò ní wá mọ́.

Báwo la ṣe ń tọ́jú owó kí ìjà má bàa ṣẹlẹ̀?

Àkáǹtì báńkì gbọ́dọ̀ wà lórúkọ ẹgbẹ́, kì í ṣe lórúkọ akápò. Ènìyàn mẹ́ta ni kí ẹ forúkọ wọn sílẹ̀ fún ìfọwọ́sí, kí méjì nínú wọn máa fọwọ́ sí i kí owó tó jáde. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹbí kan náà. Ẹni tó bá san owó gbọ́dọ̀ gba rìsíìtì lọ́jọ́ náà. Lóṣooṣù, kí akápò lẹ ojú ewé kan mọ́ ibi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i: owó tó wọlé, owó tó jáde, ohun tí a fi ṣe, iye tó kù. Lọ́dọọdún, kí ẹni tí kò sí nínú ìgbìmọ̀ yẹ ìwé náà wò.

Ibi tí wàhálà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe olè jíjà. Akápò á ra bébà, á fún awakọ̀ lówó, á san owó ẹni tó gbálẹ̀, gbogbo rẹ̀ láti àpò ara rẹ̀, láìgba ìwé kankan. Nígbà tí oṣù mẹ́fà bá kọjá, kò ní lè ṣàlàyé mọ́. Ẹ fún un ní owó kékeré tí yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá ti kó ìwé ìnáwó wá, kí ẹ dá iye tó ná padà sí i, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn kan kì í san owó, síbẹ̀ wọ́n ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Kí la lè ṣe?

Ìṣòro yìí gan-an ló bí irú ẹgbẹ́ kan tó ti tàn káyé báyìí. Ní ìlú Toronto ní Kánádà, àwọn oníṣòwò àdúgbò Bloor West Village rí i pé àwọn ilé ìtajà ńlá ti ń gba oníbàárà lọ́wọ́ wọn, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ló sì ń dá owó láti tún àdúgbò ṣe. Ní 1970, òfin fún wọn láyè láti pààlà àdúgbò náà, kí gbogbo oníṣòwò inú ààlà máa san owó náà pẹ̀lú owó orí. Àwọn ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ lágbàáyé.

Bí òfin ibi tí ẹ wà kò bá fàyè gba irú èyí, ẹ pín iṣẹ́ ẹgbẹ́ sọ́nà méjì. Èyí tí kò ṣeé dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rẹ̀, bí òpópónà tó mọ́ àti iná ojú títì, ẹ ṣe é fún gbogbo ayé, ẹ má bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Èyí tó ṣeé fún ẹni tó san nìkan, bí orúkọ lórí máàpù, àyè lọ́jọ́ àtẹ, àwòrán nínú ìpolówó, káàdì òǹtẹ̀ tí àlejò fi ń gba òǹtẹ̀ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ti ọmọ ẹgbẹ́ pọ́ńbélé. Tí máàpù bá ti jáde tí àlejò sì ń mú un lọ́wọ́ kiri, ẹni tí kò sí lórí rẹ̀ máa ń wá akápò wá fúnra rẹ̀. Ẹ má dójú ti ẹnikẹ́ni nípa kíka orúkọ ẹni tó jẹ gbèsè sétí àwùjọ. Ó máa ń lé ènìyàn lọ ju bó ṣe ń mú owó wá lọ.

Ibo ni kí ẹgbẹ́ tuntun ti bẹ̀rẹ̀?

Lọ́dọ̀ wákàtí ìṣílẹ̀kùn. Kò ná owó kankan, òun sì ni àlejò kọ́kọ́ máa ń rí. Ẹ fẹnu kò lórí wákàtí márùn-ún tí gbogbo ilẹ̀kùn máa wà ní ṣíṣí, bíi aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago mẹ́ta ọ̀sán, kí ẹ tún mú ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí gbogbo yín máa pẹ́ dé ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ lè ṣí ṣáájú, ó sì lè tì pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ààrin ni kí gbogbo yín jọ wà.

Ohun tó máa ń ba èyí jẹ́ ni ẹni tó dá nìkan wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó ní láti lọ sí báńkì, ó ní láti lọ mú ọmọ nílé ìwé. Ẹ so irú àwọn bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní méjì-méjì, kí ẹnì kan máa bá èkejì wo ìsọ̀ fún ìwọ̀n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí kò bá sì ṣeé ṣe, kí ìwé tó wà lára ilẹ̀kùn sọ aago: "Mò ń bọ̀ ní aago 2:15". "Mò ń bọ̀ láìpẹ́" kò ní ìtumọ̀ kankan fún ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ máa gbéra ní aago mẹ́ta.

Báwo la ṣe máa mọ iye àlejò tó ń wá?

Ẹ kà wọ́n. Kò gba ẹ̀rọ. Ẹ fi ẹnì kan sí ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tó wọ àárín ìlú, kí ó fi ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́ nínú wákàtí kọ̀ọ̀kan ka àwọn tó ń wọlé, kí ó wá fi 4 sọ ọ́ di púpọ̀. Bó bá ka 37, ó túmọ̀ sí pé nǹkan bí 148 ló gba ibẹ̀ ní wákàtí náà. Ẹ ṣe é lọ́jọ́ ọjà, lọ́jọ́ lásán, lọ́jọ́ Sátidé àti lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ kọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí sílẹ̀, kí ẹ sì tún un kà ní ọ̀sẹ̀ kan náà lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ kọ iye àwọn tó ń jáde tí wọ́n gbé ohun tí wọ́n rà lọ́wọ́ náà sílẹ̀. Bí àwọn tó ń wọlé bá pọ̀ sí i tí ti àwọn tó gbé nǹkan jáde kò pọ̀, kò sí àìtó àlejò nínú ọ̀ràn yín. Ohun tí ẹ ń tà tàbí bí ẹ ṣe ń tà á ni kí ẹ tún wò.

Bí ẹ bá ní ìwé yìí lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá lọ bá ìjọba ìbílẹ̀ fún iná tàbí ibi ìgbọ́kọ̀sí, ọ̀rọ̀ yín máa ń wúwo ju lẹ́tà olójú ewé mẹ́wàá lọ.

Báwo ni máàpù fún àlejò ṣe yẹ kó rí?

Bébà A4 kan tí a ká sọ́nà mẹ́ta ti tó. Máàpù á wà ní ojú kan, orúkọ àwọn ìsọ̀ á wà ní ojú kejì, nọ́ńbà kan náà á sì wà níbi méjèèjì. Dípò mítà, ẹ kọ ìṣẹ́jú: ẹni tó ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ máa ń rin nǹkan bíi mítà 80 ní ìṣẹ́jú kan, nítorí náà mítà 400 jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ kọ́kọ́ fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ibi ìgbọ́kọ̀sí, ibùdókọ̀, omi mímu àti ibi tí ènìyàn ti lè jókòó sí i, kí ẹ tó fi ṣọ́ọ̀bù kankan sí i. Ẹni tí kò bá rí ibi tó ti lè tọ̀ kì í pẹ́ nínú ìlú.

Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ fún ẹni tí kò dé ìlú yín rí, ẹ sọ pé kó wá ibi mẹ́ta kàn. Ẹ tẹ̀lé e lẹ́yìn, ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ kan máa sàmì sí ibi tó ti dúró tó ń wo ọ̀tún wo òsì. Ibẹ̀ gan-an ni máàpù ti ṣìnà, tàbí tí a ti nílò pátákó. Ìwọ̀nba tí oṣù mẹ́fà máa lò ni kí ẹ tẹ̀, torí nọ́ńbà fóònù ń yí padà, ṣọ́ọ̀bù sì ń kó kúrò.

Pátákó ojú títì wa wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í yà. Kí ló fà á?

Lẹ́tà rẹ̀ kéré, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì pọ̀ jù. Lẹ́tà tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 10 ṣeé kà láti nǹkan bíi mítà 35. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 50 ní wákàtí kan ń jẹ mítà 14 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà awakọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá méjì àbọ̀ láti kà á, láti pinnu, kó sì tún tẹ bíréèkì. Kò tó. Bí lẹ́tà bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 20, àkókò náà á di ìlọ́po méjì. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ má ju márùn-ún lọ, kí àwọ̀ lẹ́tà yàtọ̀ gédégbé sí ti ẹ̀yìn rẹ̀, kí ọfà kan ṣoṣo wà níbẹ̀. Ẹ gbé e síwájú oríta, kì í ṣe lórí oríta. Orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ mọ́kàndínlógún lórí pátákó kan, ẹgbẹ́ ló ń tù lára, awakọ̀ kò rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Ẹ gba àṣẹ lọ́dọ̀ ẹni tó ni ojú ọ̀nà náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á wú u.

Kí ni ká ṣe nípa Google Maps?

Ọ̀pọ̀ àlejò ti pinnu ibi tí wọ́n máa yà sí kí wọ́n tó kúrò nílé, orí fóònù ni wọ́n sì ti pinnu. Ọ̀fẹ́ ni ojú ewé òwò lórí Google. Ẹ wá orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ gbà á bíi ti yín, kí Google sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Nígbà mìíràn wọ́n máa ń ní kí ẹ ya fídíò iwájú ṣọ́ọ̀bù, pátákó orúkọ àti inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ wákàtí ìṣílẹ̀kùn tó jẹ́ òótọ́, nọ́ńbà tí ẹnì kan máa gbé, kí ẹ sì fi àwòrán tí a yà lójú mọmọ sí i.

Ohun mẹ́ta ló máa ń bàjẹ́. Èkíní, àmì tó ń tọ́ka ibi tí ṣọ́ọ̀bù wà á bọ́ sí ẹ̀yìn ilé tàbí òpópónà kejì. Ẹ fa á wá sí ẹnu ilẹ̀kùn gan-an. Èkejì, ojú ewé méjì á wà fún ṣọ́ọ̀bù kan, wákàtí wọn ò sì dọ́gba. Ẹ̀kẹta ló burú jù: ọ̀dọ́ tó bá yín ṣí i lo ímeèlì tirẹ̀, ó ti fi ìlú sílẹ̀, ẹ kò sì lè wọlé mọ́. Ímeèlì ṣọ́ọ̀bù ni kí ẹ lò. Ẹgbẹ́ lè ya ọ̀sán kan sọ́tọ̀, kí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe jókòó ti àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, títí tí ti gbogbo wọn á fi parí.

Ẹ má fún oníbàárà lẹ́bùn torí kó lè kọ ọ̀rọ̀ rere. Google kò fàyè gbà á, wọ́n sì lè yọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Bí ẹnìkan bá kọ ohun tí kò dára, ẹ dá a lóhùn ní gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta, pẹ̀lú sùúrù. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀.

Báwo la ṣe ń ṣètò ọjọ́ àtẹ tàbí àjọ̀dún ìlú?

Oṣù mẹ́fà ṣáájú: ẹ mú ọjọ́, ẹ wò ó bóyá ìlú tó wà nítòsí ti ní tiwọn lọ́jọ́ kan náà, ẹ kọ̀wé fún àṣẹ láti dí ọ̀nà. Oṣù mẹ́ta: ẹ pín àyè, ẹ wá ìwé ìdójútòfò, ẹ fi tó ọlọ́pàá, panápaná àti ilé ìwòsàn létí. Oṣù kan: ẹ lọ láti ilé dé ilé lójú ọ̀nà tí ẹ máa dí, kí ẹ sọ aago tí ẹ máa dí i àti aago tí ẹ máa ṣí i. Ọ̀sẹ̀ kan: ẹ fi ẹfun sàmì sí ilẹ̀.

Àyè kánópì kan jẹ́ mítà 3 ní ìbú àti ní òró. Ẹ fi mítà 1 sílẹ̀ lẹ́yìn kánópì méjì-méjì kí ènìyàn lè rí ibi kọjá. Nípa bẹ́ẹ̀, méjì àti àlàfo wọn gba mítà 7, ojú ọ̀nà tó gùn ní mítà 60 á sì gba kánópì 16 ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ fi mítà 4 sílẹ̀ ní àárín láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun fún ọkọ̀ panápaná. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ́ ọjà síbẹ̀, kódà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá kánópì. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ẹrù tó tó kìlógíráàmù 18 sí 20, tí a so mọ́ ọn gírígírí. Kẹ́ẹ̀gì omi olílítà 20 wúwo tó bẹ́ẹ̀, ó sì wà níbi gbogbo. Òkúta tí a kàn gbé lé ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dì í mú. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ń gbé aṣọ orí rẹ̀ sókè, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tí àkọ́kọ́ bá fò. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí ibi tí ènìyàn jókòó sí, nítorí èéfín rẹ̀ ń pani. Wáyà kò gbọdọ̀ la ojú ọ̀nà kọjá láìní ìbòrí.

Àjọ̀dún tó kọjá, èrò pọ̀ ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù wa kò tà. Kí nìdí?

Nígbà púpọ̀, nítorí pé àtẹ kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn yín ni. Kánópì bo ojú ṣọ́ọ̀bù mọ́lẹ̀, àlejò kò mọ̀ pé ohun kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà mìíràn, àwọn tó wá láti ìta ló ta ọjà kan náà ní iwájú ẹni tó ń sanwó ẹgbẹ́ láti oṣù kìíní dé ìkejìlá. Ìwà ìrẹ́jẹ nìyẹn, ó sì yẹ kí ìgbìmọ̀ dá a dúró. Òfin tó ń ṣiṣẹ́ nìyí: iwájú ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ni kí ẹ kọ́kọ́ fi lọ̀. Bí kò bá fẹ́ ẹ, kí ẹni tí ọjà rẹ̀ yàtọ̀ gbà á. Ọmọ ẹgbẹ́ máa forúkọ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí a tó ṣí i fún ará ìta. Ẹ má sì kó ijó, ìlù àti oúnjẹ jọ sí ojú kan. Ẹ pín wọn sí ìpẹ̀kun méjèèjì kí èrò lè máa rìn kọjá níwájú gbogbo ilẹ̀kùn.

Káàdì òǹtẹ̀ ńkọ́?

Ó dára, kò sì wọ́n. Àlejò gba òǹtẹ̀ ní ìsọ̀ márùn-ún, ó fi káàdì sílẹ̀, a ṣẹ́ gègé ní òpin oṣù láti mọ ẹni tó jẹ ẹ̀bùn. Òǹtẹ̀ kan péré fún ìsọ̀ kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ṣọ́ọ̀bù ńlá kan á tẹ márùn-ún fún un, káàdì náà kò sì ṣiṣẹ́ kankan.

Ìwé ẹ̀bùn, èyí tí ènìyàn lè rà kó sì ná ní ṣọ́ọ̀bù èyíkéyìí nínú ẹgbẹ́, gba ìṣọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ. Owó rẹ̀ kì í ṣe ti ẹgbẹ́, ti ẹni tó máa ta ọjà ni. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú àkáǹtì ọ̀tọ̀, ẹ fi nọ́ńbà sára ìwé kọ̀ọ̀kan, ẹ san án fún ọlọ́ṣọ́ọ̀bù láàárín ọjọ́ méje. Bó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọn ò ní gba ìwé náà lọ́wọ́ oníbàárà mọ́. Àwọn ìlú kan tiẹ̀ ti tẹ owó tiwọn. Chiemgauer, tó bẹ̀rẹ̀ ní gúúsù Jámánì ní 2003, jẹ́ ọ̀kan. Ti ìlú Bristol ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ní 2012, ó sì parí ní 2021. Iṣẹ́ ńlá ni, kì í ṣe ohun tí ẹgbẹ́ tuntun ń dáwọ́ lé.

Ìlú wa kò ní òkè, kò ní omi, kò ní ààfin. Ta ló máa wá wò wá?

Hay-on-Wye ní Wales kò ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn lọ. Ní àwọn ọdún 1960, Richard Booth ṣí ilé ìtàwé àlòkù síbẹ̀, àwọn mìíràn ṣí tiwọn tẹ̀lé e, títí tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n sí ìlú ìwé. Ní 1988 wọ́n bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún ìwé ọdọọdún. Redu ní Bẹ́ljíọ̀m tẹ̀lé ọ̀nà náà ní 1984, Wigtown ní Scotland ní 1998. Ohun tó yẹ kí ẹ rí dì mú níbẹ̀ ni pé àwọn tó ń ta nǹkan kan náà kò sá fún ara wọn; pípọ̀ tí wọ́n pọ̀ lójú kan ló sọ ibẹ̀ di ibi tí ènìyàn ń wọkọ̀ lọ.

Ẹ wo iṣẹ́ tó ti wà nílùú yín tí ó ju mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ: alágbẹ̀dẹ, ahunṣọ, amọ̀kòkò, gbẹ́nàgbẹ́nà. Bí wọ́n bá gbà kí àlejò wò wọ́n lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀, ẹ ti ní ohun tí ìlú ńlá kò ní. Àwọn ètò àgbáyé kan tiẹ̀ wà fún ibi kékeré nìkan. Cittaslow, tó bẹ̀rẹ̀ ní Ítálì ní 1999, wà fún ìlú tí olùgbé rẹ̀ kò tó 50,000. Àjọ ìrìn-àjò afẹ́ ti Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè sì ń yan abúlé tó dára jù láti 2021, tí olùgbé rẹ̀ kò ju 15,000 lọ.

Kí ló yẹ kí afinimọ̀nà mọ̀?

Kó mú ènìyàn 15 lọ lẹ́ẹ̀kan, kó má jù bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó wà lẹ́yìn kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́. Ìrìn wákàtí kan àbọ̀ ti tó, kó dúró ní ibi mẹ́jọ sí mẹ́wàá, kó sì parí rẹ̀ láàárín àwọn ìsọ̀, kì í ṣe níbi ìgbọ́kọ̀sí. Ilé ènìyàn àti ibi ìjọsìn, àṣẹ ni a ń gbà kí a tó wọ ibẹ̀. Àwòrán bẹ́ẹ̀ náà. Bí ṣọ́ọ̀bù kan bá ń fún un lówó lábẹ́lẹ̀ kó lè máa kó èrò wá, kí ẹgbẹ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣé ẹgbẹ́ lè dá iye kan tí gbogbo wa máa ta ọjà?

Rárá. Ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin. Amẹ́ríkà ti ní òfin lòdì sí i láti 1890. Ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe ni kí ó ní kí gbogbo ènìyàn kọ iye sára ọjà. Bí àlejò bá fura pé iye tòun yàtọ̀ sí ti ọmọ ìlú, kì í padà wá, ó sì máa ń sọ fún ẹlòmíràn.

Àwọn ará àdúgbò ń ráhùn nípa ariwo àti ìdọ̀tí. Kí la máa sọ fún wọn?

Ẹ má sọ nǹkan kan kí ẹ tó gbọ́ tẹnu wọn. Ẹ fún wọn ní àga méjì nínú ìgbìmọ̀ àjọ̀dún, ẹ fún wọn ní nọ́ńbà fóònù kan tí ẹnì kan máa gbé lọ́jọ́ náà. Ẹ dá aago tí ìlù máa dákẹ́, kí ẹ sì pa á mọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, kí a ti gbá gbogbo ojú ọ̀nà.

Mo fẹ́ wọ ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ọdún ti dé ìdajì. Ṣé mo ní láti san gbogbo rẹ̀?

Ẹ ó san ti oṣù tó kù. Ẹni tó wọlé ní oṣù keje san ìdajì. Ẹ mú orúkọ ṣọ́ọ̀bù, wákàtí ìṣílẹ̀kùn àti àwòrán kan wá fún akọ̀wé. Orúkọ yín á wọ ojú ewé orí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọ̀sẹ̀ náà, á sì wọ máàpù nígbà tí a bá tún un tẹ̀.